Mustang Tí Fùwàd Ń Tún Ṣe

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ wá gbọ́ ti Rọ̀kíbátù.

Fùwàd ọkọ ẹ̀ ń tún ọkọ̀ Mustang àtijọ́ kan ṣe ní gáràjì kan ní Yassa. Ó ní kẹ́ni tó bá rí i má mọ ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kàn án.

Látìgbà yẹn, pálọ̀ ló ń sùn.

Rọ̀kíbátù ló máa ń bu omi àlùwàlá sí i lẹ́sẹ̀. Ní báyìí, Fùwàd ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn tó bá fẹ́ ṣàlùwàlá.

Obìnrin míì ni. Kí ló tún kù?

Lónìí, Rọ̀kíbátù gun ọ̀kadà, ó forí lé Yassa. Nehemiah wẹ́dà nìkan ló bá.

Ilẹ̀kùn awakọ̀ Mustang náà ti fẹ̀ díẹ̀ sí i. Àga ẹ̀ ń yí síta, bíi pé ó ń pàdé àlejò.

"Nehemiah, olorì wo lẹ̀ ń ṣèyí fún, tí ò lè bẹ̀rẹ̀ wọkọ̀?"

"Ìyá Zayd, mo rò pé ọkọ yín ti sọ fún yín."

Rọ̀kíbátù yọjú wo ìsàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ awakọ̀. Bíréèkì ò sí níbẹ̀, tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré ò sí. Ẹ̀gbẹ́ sitíárìn ni wọ́n gbé méjèèjì sí, ọwọ́ lawakọ̀ á fi máa tẹ̀ wọ́n.

"Ìtọ̀ ṣúgà ni," Nehemiah ní. "Dókítà máa gé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn lóṣù tó ń bọ̀."

"Ó sọ fún ẹ?"

"Gbogbo wa la mọ̀ ní gáràjì."

Rọ̀kíbátù jókòó sórí taya. Kò sunkún.

"Mo po tíì fún un láàárọ̀ yìí," ó ní. "Mo rọ ṣúgà sí i bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Ó mu ún tán lójú mi, ó ní ó dùn."