Àdírẹ́sì Màmá Adébùsóyè

Fọláṣadé, akọ̀wé ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ kéékèèké ní Àkúrẹ́, ti kọ orúkọ obìnrin náà kó tó béèrè ibi tó ń gbé. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Oǹdó. Ó gbé báàgì lé itan bí ẹni tó jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màmá, àdírẹ́sì yín."

"Ṣé ẹni tí mo ń pè lẹ́jọ́ máa rí i?"

"Wọ́n á fún un ní ẹ̀dà kan. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ló máa kà."

"Ẹ má kọ ọ́ nígbà náà."

Fọláṣadé gbé bírò sílẹ̀. Màmá Adébùsóyè ṣàlàyé láìgbé ohùn sókè. Télọ̀ kan, Monílọ́lá Kìtán, gba máṣíìnì ìránṣọ lọ́wọ́ òun, ó sì gbé e sá kúrò ní Oǹdó láìsanwó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá fọ́ fèrèsé àwọn, ó ní òun ń padà bọ̀. Àwọn kó kúrò nínú ilé yẹn lọ́sẹ̀ kan náà. Ibi tí àwọn wà báyìí, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí Kìtán kò mọ̀ ọ́n.

"Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ó parí fún wa nìyẹn," ó ní.

Fọláṣadé ti rí àwọn tó fi ẹjọ́ wọn sílẹ̀ nítorí irú ìbẹ̀rù yìí. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Màmá, ibi tí ẹ ń sùn kọ́ ni kóòtù ń wá. Ibi tí ìwé á ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni. Ṣé ẹ ní ẹni tó lè bá yín gbà á?"

"Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣe lọ́yà ní ìlú yìí."

"Àdírẹ́sì ọ́fíìsì tiẹ̀ la máa kọ. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń kí yín nínú ọgbà yìí, tó ń béèrè ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ ní Oǹdó. Ẹ dákẹ́ síbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi." Màmá Adébùsóyè tún báàgì rẹ̀ gbé. "Ti Monílọ́lá ńkọ́? Ṣé èmi máa mọ ibi tí wọ́n bá a?"

"Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Kí la máa kọ fún un?"

"Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́ níbí, ṣùgbọ́n títì ni mo bá a. Ẹgbẹ́ télọ̀ ibẹ̀ mọ ilé rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣí ṣọ́ọ̀bù títí wọ́n á fi lọ jẹun nílé rẹ̀. Mo bi wọ́n. Ìyá alága ní àwọn kì í fi ọmọ ẹgbẹ́ han àlejò."

"Wọ́n á fi han Reuben," Fọláṣadé sọ.

Reuben ni bélífù tó ń mú ìwé ìpè kóòtù lọ fún àwọn èèyàn. Ó lọ sí Ìsìkàn lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀. Nígbà tí Màmá Adébùsóyè padà wá sí kóòtù, Reuben wà níbẹ̀, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ mí ní ìrẹsì. Oòrùn ìlú Ìjù fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí jinná."

"Kí ló fẹ́ sè lára ẹ?" Fọláṣadé bi í. "Egungun lásán."

"Egungun yìí náà ló rí i." Ó kọjú sí Màmá. "Ìyá alága ní òun ò mọ Monílọ́lá kankan. Mo fi òǹtẹ̀ kóòtù hàn án. Wọ́n bọ́ sẹ́yìn, wọ́n sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo ní ẹgbẹ́ náà lè jẹ́jọ́, wọ́n fún mi lẹ́nì kan tó mú mi débẹ̀. Ìjù ni, ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yàrá tó kángun sí kànga. Monílọ́lá wà níbẹ̀, ó pọn ọmọ."

"Ṣé ara ọmọ náà yá?" Màmá Adébùsóyè béèrè.

"Ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ ka orúkọ yín, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọrùn rẹ̀ lápá kan ti jóná rí, ibẹ̀ ló ń fọwọ́ bò. Ẹlẹ́bi kì í mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí."

"Kò sọ nǹkan kan?"

"Ó bi mí níbi tí ẹ ń gbé. Mo ní kò kàn mí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo kìlọ̀ fún un pé tó bá sá, wọ́n á dá a lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀, kò sì síbi tí a ò ní wá a dé. Mo ní kó jókòó sílé de ọjọ́ ẹjọ́."

"Ó gbà?"

"Ó tú ẹrù náà níṣojú mi."

"Ẹ ṣeun gan-an," Màmá Adébùsóyè sọ. "Ọlọ́run á ṣọ́ ilé tiyín náà."

Fọláṣadé sìn ín dé ẹnu géètì, ó bá a dá ọ̀kadà dúró. Kò béèrè ibi tó ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ní ilé oko kan ní Bọ́lọ́rundúró, Màmá Adébùsóyè gbé ẹ̀bà fún ọmọ rẹ̀ Gbémiga, tí ọlọ́pàá ti ń wá láti ọjọ́ tó da epo gbígbóná sí Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn; ó dúró kó jẹun tán, ó sì sọ fún un pé Ìjù ni, ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yàrá tó kángun sí kànga.