Ilé Tuntun Tí Fákúnlé Kọ́ fún Àwọn Ẹlẹ́dẹ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn kà.

1.
Lọ́dún 1983, díákónì kan wà ní Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀, Fákúnlé lorúkọ rẹ̀. Òun àti Comfort ìyàwó rẹ̀ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́sàn-án ní oko wọn lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n. Ibẹ̀ kò dùn ún wò: àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ lábẹ́ igi ìyeyè ńlá kan, àti kòtò ẹrẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà máa ń yí nínú rẹ̀ bí oòrùn bá mú. Ṣùgbọ́n ara wọn ń dán, wọ́n sì ń bí dáadáa.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Alàgbà Adébíyìí fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ìsìn. "Díákónì ẹlẹ́rẹ̀! Ṣé ẹ fọwọ́ kí ẹ tó gbé igbá ọrẹ yẹn ṣá?"

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Fákúnlé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́.

2.
Kò pẹ́, ó gé igi ìyeyè náà. Ó dí kòtò ẹrẹ̀, ó da sìmẹ́ńtì lé e, ó mọ ògiri yí i ká, ó sì fi páànù bò ó, àlàfo tóóró kan ló kù láàárín páànù àti ògiri.

"Bàbá Bọ̀sún, ẹ jọ̀ọ́," Comfort bẹ ọkọ rẹ̀, "ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bíi tiwa. Ẹrẹ̀ yẹn ló ń tù wọ́n lára."

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ẹlẹ́rẹ̀ ni?"

"Ẹ ní kí wọ́n máa pe èmi bẹ́ẹ̀."

Abo kan wà nínú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà tí Comfort fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti kékeré. Oyún abo náà ti tó bí.

3.
Fákúnlé ní kí pásítọ̀ wá ya ilé náà sí mímọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn le púpọ̀. Láàárọ̀, ó fọ ilẹ̀ mọ́ tónítóní, ó gbé ọpọ́n omi síta kí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ má baà da omi sílẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn, ó kó kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì lọ mú àwọn àlejò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá. Aago méjì kọjá kí wọ́n tó dé.

Wọ́n bá Comfort níbẹ̀, tó ń fi igbá da omi odò gba àlàfo orí ògiri sí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ lára.

"Kọ́kọ́rọ́ dà? Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, Bàbá Bọ̀sún!"

Bí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, ooru kọlù wọ́n bí ìgbà tí èèyàn ṣí ààrò. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta ti kú. Ara àwọn tó kù pọ́n, ó ti bó. Abo náà ń mí gúlegúle, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Comfort gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń da omi sí i.

"Dìde, jọ̀ọ́. Dìde."

Kò dìde mọ́. Lẹ́yìn tó kú tán, àwọn ọmọ inú rẹ̀ ṣì ń mira fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn náà dákẹ́.

Pásítọ̀ pa Bíbélì rẹ̀ dé. "Díákónì," ó ní, "kí lẹ fẹ́ kí n yà sí mímọ́?"



Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran, ẹ gbọ́ o. Ibòji, omi, àti ibi tútù tí wọ́n lè sùn sí: ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn nítorí ẹnu èèyàn. Àwọn tó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí á ti gbàgbé lọ́la. Ẹran kò lè bẹ̀ wá, Ọlọ́run tó fi wọ́n sọ́wọ́ wa ló máa bi wá léèrè. Ẹ kìlọ̀ fún ará ilé yín.