Ohùn Tí Wọ́n Fi Dá Yúrì Lẹ́jọ́

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń túmọ̀ èdè, iṣẹ́ méjì péré ló kù fún Ìbídùn, ògbufọ̀ kóòtù. Á yan ohùn tí ẹ̀rọ máa fi ka ìdájọ́ fún àlejò tó ń jẹ́jọ́ lédè tirẹ̀, á sì tẹ bọ́tìnnì pé ìtumọ̀ náà péye. Òfin ní ohùn ẹni tí àlejò náà fẹ́ràn ni kí wọ́n lò, kí ẹ̀rù má baà bà á. Àánú ni wọ́n pè é.

Yúrì ni ti òní, atukọ̀ ará Rọ́ṣíà tí wọ́n ní ó jí epo rọ̀bì. Inú fóònù Yúrì ni Ìbídùn ti rí ohùn olóògbé ìyá ọkùnrin náà, ó sì yàn án.

Láti àárọ̀ ni Yúrì ti ń jiyàn pé òun kọ́. Adájọ́ sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn ìyá sì sọ ọ́ létí rẹ̀ lédè Rọ́ṣíà: "O jẹ̀bi. Ṣé o gbà?"

Ọkùnrin náà tẹrí ba bí ọmọ kékeré. "Bẹ́ẹ̀ ni, màámi."

Ẹ̀rọ jábọ̀ fún adájọ́: "Ó gbà." Ẹni tó bá sì ti gbà, kò lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mọ́.

Ìbídùn mọ̀ pé kì í ṣe adájọ́ ni Yúrì dá lóhùn. Ìka rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì.

Akọ̀wé kóòtù yọjú. "Ànńtí, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre, èrò ṣì pọ̀ níta."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ìyá Ìbídùn pè é lórí fóònù. "Ìbídùn, ṣé o ti jẹun?"

"Mo jẹ̀bi, màámi."