Irin Tó Já Láti Òfuurufú

"Ẹ dúró! Ẹ má tanná sí i!"

Òṣìṣẹ́ ìjọba sáré wọ oko ẹ̀gẹ́ l'Ìrókò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Jùbrílù jórinjórin ti na ọ̀pá iná sí bọ́ọ̀lù irin ńlá tó já láti ara sátẹ́láìtì orílẹ̀-èdè kan.

"Gáàsì olóró wà nínú ẹ̀! Bó bá bẹ́, abúlé tán!"

"Irọ́ o!" làwọn ará abúlé tó pé jọ síbẹ̀ pariwo. "Ẹ fẹ́ gbé e lọ tà ni."

"Gbogbo ayé ló fọwọ́ sí i: ohun tó bá já láti òkè, ẹ dá a padà fún ẹni tó rán an lọ." Ó na ìwé sí wọn.

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, ni wọ́n bá forin dá a lóhùn:

"Ọ̀run ló fún wa o,
Ẹni ọ̀run fún kì í dá a padà!"

Jùbrílù ṣáná. Iná sọ bùlà.

Òógùn bo òṣìṣẹ́ ìjọba náà. Ó ju ìwé nù, ó já imọ̀ ọ̀pẹ, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó dì í pọ̀ mọ́ ṣùkù àgbàdo àti àkísà, ó so ó mọ́ irin náà gbọin-gbọin.

Orin dá. Ààlè rèé! Jùbrílù paná kíá, ó fẹ̀yìn rìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ebè.

"Ẹ̀yin bọ̀dá yìí náà," ó ní, "kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè sọ pé ó lẹ́ni tó ni ín?"