Igbe Inú Àwo Tuntun

Apẹja arúgbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù àwo orin ní ìlú Bergen ní Norway ni nígbà tí olórin inú àwo tuntun kan, ti orin gìtá aláriwo tí wọ́n ń pè ní black metal, fi igbe ta.

"Ẹ̀tàn ni igbe yẹn," Torbjørn tó ń tajà sọ. "Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é."

"Etí ẹ ló di," Ragnhild oníbàárà rẹ̀ fèsì. "Mi ò tíì gbọ́ àwo tó dùn tó yìí lọ́dún yìí. Bàbá, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé èèyàn lè ké báyìí?"

Bàbá di etí tábìlì mú.

"Ọmọ mi ni. Bó ṣe ké nìyẹn lọ́jọ́ tí mo fi àwọ̀n wọ́ òkú àbúrò rẹ̀ jáde lókun."

Torbjørn sáré nawọ́ láti pa orin náà. Bàbá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jẹ́ kó ké e tán."