Àga Ọwọ́ Ọ̀tún Nínú Mustang Láńre

Ẹ fara balẹ̀, ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn fò ó.

1.
Bọ́ọ̀sì ni Láńre ń wà ní Woolwich, nílùú òyìnbó. Ní gáréèjì rẹ̀ ní Thamesmead Moorings, ó ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ méjì: Mustang pupa àti Camaro dúdú; ọwọ́ òsì ni dírẹ́bà ti ń jókòó nínú méjèèjì. Ọdún 1969 ni wọ́n ṣe méjèèjì. Ó ti fi àga tuntun sínú wọn, ṣùgbọ́n kò ṣí náílọ́ọ̀nù orí àga. Ó ní ọjọ́ tí Pásítọ̀ bá gbàdúrà sí ọkọ̀ ni òun àti Veronica, ìyàwó òun, yóò jọ jókòó sínú rẹ̀. Ọ̀kan ló sì fẹ́ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó dára jù. Èwo ni?

2.
Ezekiel, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa wá bá a jiyàn.

"Brother Láńre, Camaro ni! Ọdún kan péré ni wọ́n fi ṣe irú ara yìí. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ń wá a kiri."

"Mustang ńkọ́? Ẹ̀yà ara rẹ̀ wo lèèyàn ò lè rí rà?"

"Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ wà á lónìí. Camaro ni ti ẹni tó ń ro ọ̀la."

Veronica yọjú pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú.

"Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, èmi tí mò ń lọ dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò yìí, èwo ni tèmi?"

Láńre fèsì: "Mummy Zoe, ní sùúrù. Ṣé omi òjò la fẹ́ kó bá àga tuntun?"

3.
Nígbà tó yá, àìsàn ọkàn dá Veronica jókòó sílé. Zoe, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti ń gbé ní Scotland. Veronica nìkan ló máa ń wà lójú fèrèsé, tí á máa gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì kan, tí á pa á, tí á tún tan èkejì.

"Daddy Zoe, ẹ fi Mustang yẹn gbé mi dé etí odò. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo máa jókòó, níbi tí dírẹ́bà ìlú yìí máa ń wà, káwọn èèyàn lè rò pé èmi ni mò ń wà á."

Láńre rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀ ò tíì gbàdúrà sí i. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ èyí tó dára jù."

Kò tíì mọ̀ ọ́n tí Veronica fi sùn lójú fèrèsé, tí kò jí mọ́.

4.
Lẹ́yìn ìsìnkú, Láńre ṣí náílọ́ọ̀nù Mustang fúnra rẹ̀. Ó gba Plumstead High Street, ó ń lọ sí etí odò. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ níwájú, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti rí fọ́tò Mustang náà, dá ọkọ̀ pupa náà mọ̀, ó gbọ́wọ́ sókè láti kí i. Ọwọ́ ọ̀tún ọkọ̀ náà ló wò, níbi tó ti retí dírẹ́bà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣí náílọ́ọ̀nù lónìí. Ẹ má jẹ́ kí àga pẹ́ láyé ju ẹni tí ẹ rà á fún lọ. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn.