Sasofóònù Bàbá Ṣówándé

Ní pálọ̀ opó Ṣówándé, Ọlátẹ́jú ń fi ìka tẹ bọ́tìnnì sasofóònù tí ìyá náà fẹ́ tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí sí i. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n ti jí tirẹ̀ gbé, bí kò bá sì rí òmíràn fọn lọ́la, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Irú ti àtijọ́ yìí kò wọ́pọ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ a máa wúwo bí ohùn àgbàlagbà.

“Ta ló ń fọn ún, Màmá?”

“Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí bàbá ti kú,” ni opó Ṣówándé dáhùn.

Ọlátẹ́jú fọwọ́ kan pelebe esùsú tó wà lẹ́nu sasofóònù náà. Ó ṣì lómi lára. Itọ́ ni afunfèrè fi ń rin ín kó tó fọn ún, kì í sì í pẹ́ gbẹ. Ara fu ú. Bó bá jẹ́ ẹrù olè ńkọ́?

“Àbí ẹ̀yin náà ń fọn ún ni?”

“Èmi tí mi ò léyín! O fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni, ọmọ yìí.”

Ọlátẹ́jú ká aṣọ ìkélé yàrá ẹ̀yìn sókè. Kò séèyàn níbẹ̀. Ó padà, ó fọn ún. Ó dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì láti sọ pé òun yóò mú un.

Orin náà kò dáwọ́ dúró. Àwọn bọ́tìnnì ń lọ sílẹ̀, wọ́n ń gòkè, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí wọn.

“Jókòó,” ni opó náà wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Bàbá kì í fẹ́ kéèyàn dìde kóun tó parí.”

Ọlátẹ́jú ti sá jáde; bàtà rẹ̀ méjèèjì ló kù lẹ́nu ọ̀nà.